Mò Ń Jowú Fulera

                                        Ojúlé Kẹjọ, Òkè-Ọjà,
                                        Àrándùn,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        11 Oṣù Keje, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Asisat,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń ro yín ti fúyẹ́? Ṣé bàbá Hamidah ti dé láti Ganmo? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ilé ìwé ti rán èmi àti Fulera, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ dókítà, wá síbí. Láràárọ̀ ni ọ̀kadà ń gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lábúlé. Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa ń gba máàkì ju Fulera lọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ abúlé ò béèrè máàkì. Tápà ni bàbá Fulera, àmọ́ Ṣàárẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà ni Fulera dàgbà sí, ó sì ń sọ Ìgbómìnà bí ẹni ń mu omi. Àwọn ìyá á gba iwájú mi kọjá lọ jókòó tì í. Èmi ọmọ Ìgbómìnà, ọmọ onílé, Èkó tí mo dàgbà sí ti sọ mí di àlejò.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá àgbà kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu wá. Ó sọ̀rọ̀ wéréwéré, n kò gbọ́ tó ìdajì. Ó yẹ kí n pe Fulera. Owú ò jẹ́. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́, mo ka oògùn sí i lọ́wọ́, mo bu omi fún un. Bó ṣe fẹ́ dà á sẹ́nu ni Fulera ké láti ẹnu ọ̀nà: "Ìyá, ẹ dúró! Mardiyah, wọ́n ní àwọn ti lò ó nílé láàárọ̀ yìí!"

Mo sáré gba oògùn náà padà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà tó ń darí wa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Fulera ní kò sí nǹkan. Bó ṣe ṣàánú mi yẹn ló dùn mí jù. Ṣé ó tún fẹ́ fi ìwà jù mí lọ ni? Mo wọlé tọ nọ́ọ̀sì, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní: "Ẹni tí kò gbọ́, kó ní òun ò gbọ́. Láti ọ̀la, jókòó ti Fulera. Kó máa béèrè, kí o máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ wò ó, akọ̀wé Fulera ni mo dà! Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ wá wo àyà mi.

Ẹ bá mi kí Hamidah àti bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi ohùn ránṣẹ́ ní èdè Ìgbómìnà sórí fóònù mi, kí ẹ má bá mi sọ Yorùbá Èkó mọ́. N kò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe nítorí àwọn aláìsàn nìkan. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ju Fulera lọ.

Èmi ni àbúrò yín tí owú ń jẹ run,
Mardiyah