Okùn Tó Ń Nà

Mujeeb,

Ẹ̀bà rẹ wà nínú kúlà. Má wá okùn tó o rà ní Ijede mọ́. Torí owó pọ́ọ́kú lo ṣe rà á, àbí? Okùn ọkọ̀ ojú omi nìyẹn, ó ń nà kí ìgbì má baà já a. Irú ẹ̀ ni Ọláòtán ẹ̀gbọ́n rẹ so mọ́ ìdí lọ kun tánkì gíga. Ó ń nà, ó ń ha etí tánkì, títí ó fi já. Ra èyí tí kì í nà. Bí owó ò bá ká a, tánkì kúkurú ni kó o máa kùn.

Mo ti fi tìẹ ṣe okùn ìsáṣọ. Láàárọ̀ yìí, atẹ́gùn kó sínú aṣọ iṣẹ́ rẹ lórí ẹ̀, ó ń ju ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo ti pariwo pé, "Ọláòtán, rọra!" kí n tó rántí.

Ìyá rẹ