Ẹ Dá Ohùn Ìyá Téèpù Padà

Ilé Ìránṣọ Ìyá Téèpù,
Ojúlé Kejì, Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Oníwáyà,
Òpópónà Ọjà Tuntun.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

OHÙN ÌYÁ WA TÍ Ẹ YỌ KÚRÒ NÍNÚ ÈTÒ ÌRÁNṢỌ TÍ Ẹ GBÉ SÓRÍ AYÉLUJÁRA

1. Aránṣọ ni mí. Èmi ni àkọ́bí Ìyá Téèpù, olùkọ́ ìránṣọ tí àwọn oníbàárà yín máa ń wò lórí wáyà láràárọ̀ Sátidé kí ẹ tó kó o lọ sórí ayélujára, tí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín kú oríire ètò fídíò orí ayélujára tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ mi kò ní láti dúró de Sátidé mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. N kò bá yín jà pé ẹ kó ètò ìyá mi lọ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fọwọ́ sí i ṣáájú, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá.

2. Ohun tó gbé mi dìde ni pé ẹ yọ ohùn rẹ̀ kúrò, ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i. Ọwọ́ ìyá mi la ń rí, ojú rẹ̀ la ń rí, ṣùgbọ́n obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo pe ọ́fíìsì yín, ọmọbìnrin tó gbé fóònù fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé pé ariwo maṣíìnì ti pọ̀ jù nínú ti tẹ́lẹ̀. N kò bínú sí i. Àmọ́ ilé ìránṣọ wo ni ẹ ti dé rí tí maṣíìnì rẹ̀ kì í pariwo?

3. Obìnrin náà mọ̀wé kà, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ìránṣọ ni kò mọ̀. Ọwọ́ ìyá mi a kọ́kọ́ ṣe nǹkan tán, kí ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ má baà kúrò lára aṣọ. Ẹni tuntun yìí ń sáré ṣáájú ọwọ́. Ìyá mi ṣì mú ṣọ́ọ̀kì dání, òun ti ní kí a gé e. Ẹ tún yọ "ẹ tún un wọ̀n kí ẹ tó gé e" kúrò, bóyá nítorí pé ìyá mi ń sọ ọ́ lásọtúnsọ. Ìdí tó fi ń tún un sọ ni pé àwa ènìyàn kì í gbọ́. Ọmọṣẹ́ mi àgbà tẹ̀ lé ohùn tuntun, ó gé apá ẹ̀wù ọkọ ìyàwó kan dé ìgúnpá, ìgbéyàwó sì ku ọ̀la. Ọkọ ìyàwó náà kò rẹ́rìn-ín.

4. Bó bá jẹ́ ti apá ẹ̀wù nìkan ni, ǹ bá panu mọ́. Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe làkáǹlàkà tọ alábẹ lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi lọ́dún tó kọjá, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Olùtọ́jú rẹ̀ ló ní kí a máa fi ètò náà síwájú rẹ̀, kí ó máa tẹ̀ lé ohùn ara rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ti ń pe "téèpù", ó ti ń pe "ṣọ́ọ̀kì", ó sì pe orúkọ àbúrò mi lọ́jọ́ kan, gbogbo wa bú sẹ́kún ayọ̀. Nígbà tí ẹ ti ìkànnì orí wáyà yẹn pa, ohùn náà pòórá. A kò ní ẹ̀dà kankan nílé. Ó dùn mí wọra.

5. Ó dá mi lójú pé ohùn náà ṣì wà lọ́dọ̀ yín, nítorí ilé-iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ bíi tiyín kì í da irú rẹ̀ nù. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá a padà, pẹ̀lú ariwo maṣíìnì àti gbogbo àsọtúnsọ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn ohùn tuntun, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹni tó bá wù yàn án. A kò béèrè owó, a kò sì gbèrò ẹjọ́.

6. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù síwájú ìyá mi, mo rò pé rírí tó ń rí ara rẹ̀ yóò tó o. Ó gbọ́ obìnrin náà díẹ̀, ó nawọ́, ó dojú fóònù bolẹ̀, ó ní, "Èmi kọ́ nìyẹn." Odidi gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó tún ní ìdí láti sọ ọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí ń retí èsì rere,

Àkọ́bí Ìyá Téèpù,
Aránṣọ àti Alábòójútó Ilé Ìránṣọ Ìyá Téèpù.