Eyín Bíngó

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Iná mọ̀nàmọ́ná ṣì ń lọ, ó ń bọ̀ ní Àgùdà, ara wa sì le. Ọ̀rọ̀ Bíngó, ajá yín, ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí kò sẹ́lòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a sin yín tán, àwọn àbúrò mi pín aṣọ àti ìkòkò yín ní Múṣin. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ajá. Èmi ni mo mú un wálé.

Ẹ mọ bí mo ṣe ń ṣe nígbà ayé yín. Bí oṣù bá parí, màá rán dírẹ́bà sí yín pẹ̀lú mílíìkì, ṣúgà àti búrẹ́dì, èmi fúnra mi a wà ní ọ́fíìsì. Ẹ ò bá mi jà rí. Ṣé ẹ máa ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá mo wà nínú mọ́tò náà?

Mo bá ń kẹ́ Bíngó. Láràárọ̀, kí n tó mu tíì tèmi, mo ti rẹ búrẹ́dì sínú tirẹ̀, mo ti da mílíìkì àti ṣúgà sí i. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi wò wá títí, ó ní, “Bàbá Ṣadé, ajá ń mu tíì onímílíìkì, èmi ń mu gbẹrẹfu. Ẹ kúkú jẹ́ kí n máa gbó.” Mo rẹ́rìn-ín, n kò sì jáwọ́.

Nígbà tó yá, ẹnu Bíngó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ó máa ń súnmọ́ oúnjẹ, á gbóòórùn rẹ̀, á pa dà sẹ́yìn. Itọ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ọjọ́ tó kọ tíì pàápàá, ẹ̀rù bà mí. Òun nìkan ló bá yín gbélé dé òpin, mo sì ti fẹ́ pàdánù òun náà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Yaba, ọmọbìnrin kan tí kò ju Ṣadé wa lọ. Ó gbé ètè Bíngó sókè: ìdọ̀tí ti gan mọ́ eyín bíi sìmẹ́ńtì, èrìgì ti wú, ó pọ́n. Ó bi mí ní ohun tí mo ń fún un jẹ. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi kà á.

“Ẹ kẹ́ ẹ jù, Bàbá. Tíì yẹn ló ba eyín rẹ̀ jẹ́.”

Ó ṣàlàyé pé oúnjẹ rírọ̀ tó dùn máa ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí wọn ò bá sì fọ̀ ọ́, á le, á máa jẹ èrìgì lábẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn ológbò pàápàá kò yọ sílẹ̀. Egungun sísè tí mo rò pé ó máa fi fọ eyín, ó ní ó lè la eyín sí méjì. Ó fún un lóògùn oorun, ó yọ èyí tó ti jẹrà, ó sì ha ìyókù mọ́.

Ní báyìí, ìrẹsì àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ ló ń jẹ, pẹ̀lú oúnjẹ ajá gbígbẹ tó gbọ́dọ̀ fi eyín rún. Búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé ni mo fi ń fọ eyín rẹ̀, omi lásán, torí ọṣẹ ìfọyín tiwa kò dáa fún un. Àwọn ará ilé kejì ń yọjú wò wá. Bíngó ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé á gbà.

Láàárọ̀ yìí, ó gbé àgbọ̀n lé orúnkún mi, ó tẹjú mọ́ kọ́ọ̀bù mi. Ọwọ́ mi ti dé ibi ṣúgà, mo fà á pa dà. Ó dúró díẹ̀, ó bínú lọ sídìí abọ́ rẹ̀, mo sì gbọ́ tí eyín tó kù ń rún oúnjẹ gbígbẹ náà. N kò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ fún un. Mo kàn jókòó tì í ni, títí tó fi jẹun tán.

Èmi ni, àkọ́bí yín tó ti darúgbó, tí àárò yín ń sọ.