Èédú Tí Yóò Sọ Ọjọ́ Orí Mi

Abà Olúgbádé,
Ọ̀nà Ute.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta, 1991.

Yéjídé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà n'Íbàdàn? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín kò ní sùn lọ́dọ̀ yín. Ìyá rẹ kí ọ, eyín tó ń dùn ún ti jáde, ó ti padà sídìí ẹran.

O rántí àwọn òkú ayé àtijọ́ tí àwọn ará yunifásítì hú lẹ́bàá oko kòkó wa? Ìjọba ti mọ ọwọ̀n sìmẹ́ńtì síbẹ̀ fún ìrántí wọn, ó ga ju ilé lọ, wọ́n sì ti faṣọ bò ó. Ẹni tó dàgbà jù nínú abà ni yóò ṣí i ní Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde. Fàsásì tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà wá ń sọ káàkiri pé òun ni ẹ̀gbọ́n mi. Fàsásì tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò!

Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá, ọ̀gá àwọn tó hú ilẹ̀, pé ta ló sọ fún wọn pé àwọn òkú náà ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún. Ó ní èédú tí àwọn bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni, pé àwọn gbé e lọ sí láábù, láábù sì ka ọdún rẹ̀. Mo ní ó tán. Ṣé kì í ṣe láábù ọsibítù lọmọ mi wà ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, èwo ni ti èédú?

Mo ti hú ìdí ààrò ìyá mi àgbà, níbi tí wọ́n ti se omi tí wọ́n kọ́kọ́ fi wẹ̀ mí láyé. Èédú ibẹ̀ ló wà nínú agolo mílíìkì tí Ignatius awakọ̀ mú bọ̀. Èyí tó wà nínú ọ̀rá ni ti ilé Fàsásì. Ìyàwó rẹ̀ ló bù ú fún mi, mo ní inú ló ń run mí. Ó ṣì gbóná nígbà tí mo gbà á, nítorí náà ó dá mi lójú pé kò lè tó ọgọ́ta ọdún. Má dà wọ́n pọ̀ o, kí ọ̀gá rẹ sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé tó bá jáde.

Fi àádọ́ta náírà ránṣẹ́ fún bàtà, nítorí wọn yóò ya fọ́tò.

Nǹkan kan kù. Àwọn ọmọ ẹni tó bá ṣí aṣọ ni yóò dúró tì í. Ọmọ méje ni Fàsásì ní, gbogbo wọn ló wà nínú abà yìí. Ìwọ nìkan ni mo bí, ó sì ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti fojú kàn ọ́, àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Bí èédú bá ní Fàsásì ló dàgbà jù, kò burú. Má fi ìwé náà rán ẹnikẹ́ni, mú un wá fúnra rẹ.

Ọlọ́run yóò mú ẹsẹ̀ rẹ wálé láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèbọ̀dé.