Oògùn Tí Mo Rà Lórúkọ Ìyá Wọn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Bélú

Ìwọ tí ọwọ́ rẹ bá ba ìwé yìí, mo fi ohun tí o fẹ́ràn jù lọ bẹ̀ ọ́: pa á dé. Bí o bá sì ti kà á kọjá ibí, jẹ́ kí ó kú sí ọ nínú. Má sọ fún aládùúgbò. Má sọ fún ọmọ mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, àdúgbò yìí sì kún fún àwọn tí ń wá ẹyin tí wọn yóò jù mọ́lẹ̀.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Dókítà náà, ọmọdébìnrin. Ì bá jẹ́ àbúrò fún àbíkẹ́yìn ọmọ mi. Ó tẹ ẹ̀yìn mi níbi tí pàjápàjá ti ń lọ́ mi bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń fún aṣọ ìbùsùn tútù. Ó bi mí bí mo ṣe ń sùn. Mo ní n kì í sùn. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé sìgá mélòó ni mo ń mu lójúmọ́. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá mo ń mu ún. Ṣé imú ajá ni wọ́n fi ń ṣe dókítà báyìí? Mo wo ilẹ̀kùn. Ó wà ní títì. Mo sọ fún un. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀, nígbà tí ooru áyọ́ọ̀nù ń bá mi bo èéfín mọ́lẹ̀.

Oògùn mẹ́ta. Ọ̀kan fún oorun, ọ̀kan fún iṣan tí ń lọ́, ọ̀kan fún ìjáwọ́ nínú sìgá. Ó ní ti oorun àti ti iṣan kò gbọdọ̀ pàdé nínú ikùn: olúkúlùkù wọn a máa fa ènìyàn sílẹ̀, bí wọ́n bá sì dára pọ̀, wọn yóò fà á jù. Ti iṣan ní òwúrọ̀. Ti oorun bí mo bá fẹ́ sùn, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Orúkọ ìdílé nìkan ni ó kọ sí orí rẹ̀ — ó ń kánjú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo ti ṣe nǹkan.

Kẹ́mísìtì tí ó wà ní ìkángun òpópónà wa ni mo lọ. Ẹ̀yìn mi kò jẹ́ kí n dé èyí tí ó jìnnà. Apòògùn ibẹ̀ — Gbohùngbohùn ni mo ń pè é níhìn-ín — kò mọ ohùn kékeré. Bí ó bá ta oògùn ìgbẹ́ gbuuru fún ènìyàn, àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà yóò mọ bí ìgbẹ́ náà ti rí.

Àwọn ènìyàn tò sẹ́yìn mi. Ẹni tí ó tẹ̀lé mi gan-an ni aránṣọ tí ń gbé òkè wa. Abẹ́rẹ́ ni orúkọ tí mo fún un. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Ibi tí obìnrin yẹn bá gbé ọ̀rọ̀ gbà, gbogbo àdúgbò ni yóò tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Gbohùngbohùn gbé ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ka ti oorun. Ó ka ti iṣan. Ó kan ẹ̀kẹta, ó sì wò mí láti òkè ìgò ojú rẹ̀.

“Bàbá, ta ló ń mu sìgá nílé yín?”

Èmi tí mo lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò lẹ́nu géètì nítorí sìgá. Èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Má-Mu-Ún títí di òní, tí mo sì ń jẹ́ ẹ. Mo gbọ́ èémí Abẹ́rẹ́ ní ọrùn mi.

Mo ní, “Ìyá wọn ni.”

Ìyàwó mi ni mo ń sọ. Ó bọ́ lẹ́nu mi bí eyín ọmọdé ṣe ń bọ́.

Gbohùngbohùn pàápàá rẹ ohùn sílẹ̀ — nígbà tí kò wúlò mọ́. Ó ní kí n bá òun kí Màmá, pé wọ́n ṣe akin, pé kí wọ́n máa jẹun kí wọ́n tó lò ó kí èébì má baà gbé wọn. Abẹ́rẹ́ kò sọ nǹkan kan. Èyí ni ó bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo ka ìwé tí ó wà nínú páálí oògùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó jẹ́ ìwé ìròyìn tí a fi ń di aṣọ oníbàárà ni ó kọ́ ọ ní ìwé kíkà, kì í fo ìlà kankan.

Mo sọ wọ́n lórúkọ. Ti oorun ni Ẹlẹ́tàn. Ti iṣan ni Ọ̀lẹ, nítorí ó sọ apá mi di ti ẹlòmíràn. Ti sìgá ni Ọlọ́pàá. Ìwé Ọlọ́pàá sọ pé ó lè mú kí ènìyàn máa bínú láìnídìí. Mo rẹ́rìn-ín. Ìdí pọ̀.

Dókítà ní kí n ṣì máa mu sìgá lọ bí mo ti ń lo Ọlọ́pàá fún ọ̀sẹ̀ kìíní, kí n tó wá dá a dúró pátápátá. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo gbà láìjiyàn. Ẹ̀yìn táńkì omi ni mo ti ń mu ún, níbi tí Ìyá wọn ń sá bùláńkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ sí.

Àwọn ọmọ — ti àwọn oníṣẹ́ ìjọba àti ti àwọn olùtajà, tí ìyá wọn ń gbé wá ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Pálọ̀ wa kún fún ẹní kéékèèké àti ìgò wàrà. Láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wa ti kúrò nílé ni Ìyá wọn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo rò pé bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ni yóò bá a lọ. Nítorí náà ni inú fi ń bí mi sí Gbohùngbohùn. Ta ni ó ní kí ó béèrè?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ẹlẹ́tàn ṣe bí orúkọ rẹ̀. Mo wo àjà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Abẹ́rẹ́ kí Ìyá wọn ní ìdí àtẹ̀gùn. Ó kí i jù. Ẹ kú ìrọ́jú, Ma. Ẹ kú ìfaradà. Ìyá wọn wọlé, ó bi mí pé ìrọ́jú kí ni. Mo ní bóyá ti orúnkún rẹ̀ ni. Ó ní orúnkún òun ti sàn láti ìgbà òjò. Mo ní ara kì í tètè sàn lójú ẹni tí ń ṣọ́ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọjọ́ tí ó yẹ kí n dá sìgá dúró nìyí. Mo dá a dúró.

Ìyá àwọn ìbejì kò gbé wọn wá. Ó ránṣẹ́ pé wọ́n ń wúkọ́. Ikọ́ wo? Nígbà tí mo lọ ra búrẹ́dì, mo rí wọn lókè òpópónà, ara wọn dá ṣáṣá, ìyá wọn ń gbé wọn wọ ilé ẹlòmíràn. Ó rí mi. Ó yí ojú sí ògiri bí ẹni tí ń ka àkọlé. Kò sí àkọlé kankan níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹni tí ó bá bá mi sọ̀rọ̀ lónìí, ìjà ni. Ológbò ilé kejì pàápàá mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìyá wọn lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní Gbohùngbohùn dá òun dúró láàárín àwọn oníbàárà, ó ń béèrè bí oògùn sìgá ṣe ń ṣe sí òun, ó sì ń kìlọ̀ pé kí òun jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé òun ń lò ó mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ó ní, “Ó fi mí pe ẹlòmíràn, Bàbá wọn. Ojú ọ̀gá yẹn ti ń ṣe bàìbàì. Ọjọ́ kan ló máa ta oògùn ẹran fún ènìyàn.”

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín tí alágbàfọ̀ ń rín sí oníbàárà tí ó ti jó aṣọ rẹ̀, tí onítọ̀hún kò tíì tú u wò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹní wà nílẹ̀ lọ súà, ọmọ kò sí lórí wọn. Abẹ́rẹ́ ti gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ láti ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ kan péré ni ó kù, ìyá tirẹ̀ náà sì dé láti wá gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ni, kò mọ bí a ti ń pa irọ́ ikọ́. Ó yọ bùláńkẹ́ẹ̀tì jáde nínú àpò ọmọ, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Ẹ gbóòórùn rẹ̀.”

Ìyá wọn gbé e sí imú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wo ìta, ó wo okùn tí ó ń sá wọn sí, ó wo táńkì. Kò wò mí. Ó gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó kó gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì ilé, ó sè wọ́n nínú omi gbígbóná, ó sì sá wọn sínú yàrá. Mo fẹ́ sọ fún un pé omi gbígbóná nìkan kì í yọ òórùn sìgá, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rẹ wọ́n sínú omi ọtí kíkan. Irú ìmọ̀ wo ni èyí tí ẹni tí kò mu sìgá ń ní?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Abẹ́rẹ́ ti kó àwọn ìyá náà jọ. Wọ́n ń bọ̀ wá bá wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n pè é ní ìbẹ̀wò. Mo mọ ìbẹ̀wò. Èmi náà ni mo ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ẹnu géètì.

Ìyá wọn ń kó ìgò wàrà sórí tábìlì, ó ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mu nínú wọn. Ó ní kí n má jáde lọ́jọ́ náà.

“Ẹ sáà ti wà níbẹ̀, Bàbá wọn. Lórí ọ̀rọ̀ sìgá, ẹnu yín nìkan ni wọ́n ń gbà gbọ́ ládùúgbò yìí.”

Ó ń wò mí. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti mọ ohun tí n óò wí. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ méjì. Mo ń fi dán ẹnu mi wò bí mo ti ń fá irùngbọ̀n, ojú mi nínú dígí sì ń dáhùn bí ojú ọ̀tá.

Mo lo Ọ̀lẹ ní òwúrọ̀, bí wọ́n ti wí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Abẹ́rẹ́ lórí àtẹ̀gùn, pàjápàjá sì mú mi láti èjìká dé ìdí. Mo tún lo Ọ̀lẹ kan. Mo lo Ẹlẹ́tàn kan lé e, kí ọkàn mi lè rọlẹ̀ kí n lè sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Mo mọ ohun tí dókítà wí. Mo mọ̀ ọ́n kà.

Wọ́n ń wọlé. Wọ́n ń kí Ìyá wọn bí ẹni tí ń kí ọlọ́fọ̀. Mo ń bọ̀ wá jókòó tì í.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo sùn.

Orí àga ni mo sùn sí, lójú gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Òwúrọ̀ yìí ni mo jí, lórí ibùsùn, bàtà mi ti kúrò lẹ́sẹ̀. N kò tíì sun irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti di àgbà. Ara mi fúyẹ́. Èyí ni mo kórìíra jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ìyá wọn jókòó sí pálọ̀, ó ń ká ẹní. Mo bi í pé kí ni ó ṣẹlẹ̀. Ó ní àwọn jí mi títí. Ó ní Abẹ́rẹ́ gbọn ẹsẹ̀ mi, ó sì sọ fún àwọn yòókù pé ẹ ò rí i, ojú ló ń ti Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn.

Mo ní kí ni òun wá sọ fún wọn.

“Mo ní èmi ni.”

Ó ká ẹní mìíràn.

“Ọjọ́ tí mo gbóòórùn bùláńkẹ́ẹ̀tì ni mo ti mọ̀. Mo ń retí kí ẹ sọ ọ́. Kí n wá ní ẹ̀yin ni, kí ẹ máa hanrun níwájú wọn? Ta ló máa gbà? Wọ́n á ní obìnrin yìí mu sìgá tán, ó tún fẹ́ fi kọ́ ọkọ ẹ̀ lọ́rùn lójú oorun.”

Mo ní n óò lọ sí kẹ́mísìtì lọ́la. N óò dúró láàárín gbogbo wọn, n óò sì sọ ọ́ jù bí Gbohùngbohùn ti lè sọ ọ́ lọ.

“Ẹ jókòó.” Kò pariwo. “Mo ti bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, orúnkún mi yìí. Àwọn tó kù lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn ní nítorí mo jẹ́wọ́, nítorí mo sì ń gba oògùn, òun á gbé ọmọ òun padà wá lọ́la. Tí ẹ bá la ẹnu yín báyìí, mo di òpùrọ́. Ọmọ kan tó kù fún mi nìyẹn.”

Mo ní kí ó dárí jì mí.

“Ẹni tó ń mu sìgá, dókítà ti fún un lóògùn,” ni ó wí. “Ẹni tó ń purọ́ mọ́ ìyàwó ẹ̀ ńkọ́, Bàbá wọn? Wọ́n kọ tiẹ̀ sínú ìwé yẹn?”

Ó dìde, ó lọ tẹ́ ẹní kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, fún ọmọ nọ́ọ̀sì. Ó ní bí Ọlọ́pàá bá tán — kò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Oògùn yín ló pè é — òun fúnra òun ni yóò máa lọ rà á, nítorí òun ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Ó ní n óò lò ó dé òpin. Lójú òun. Lójoojúmọ́.

Ìwọ tí o kà á dé ibí, orúkọ mi ni mo ń sá fún nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Kò sí nínú ewu mọ́. Ó wà láàárín ìlú, ó mọ́ tónítóní, wọ́n ṣì ń pè mí ní Bàbá Má-Mu-Ún lẹ́nu géètì ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo sì jẹ́ ẹ. Ìwé yìí nìkan ni ó kù tí ó lè sọ Ìyá wọn di òpùrọ́, kí ó sì gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Má fà á ya lásán, àwọn ènìyàn a máa to ìwé yíya pọ̀. Sun ún. Èmi ì bá sun ún fúnra mi, ṣùgbọ́n Ìyá wọn ti kó gbogbo ìṣáná ilé yìí sí ibi tí n kò mọ̀, n kò sì ní ojú tí n óò fi béèrè.