Ìròyìn Tí Ẹ Fi Ń Wẹ Ọmọ

Màámi ọ̀wọ́n,

Bí ẹ bá wà ní ìdúró, ẹ jókòó ná. Mo ti di ìyá àgbà! Bùkọ́lá, ọmọ mi tí ẹ pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, ti bímọ sí Yábàá níbí. Ọkùnrin ni. Gbogbo wa ti ń retí Yétúndé, mo tiẹ̀ ti ra aṣọ pínńkì mẹ́fà sílẹ̀, torí ẹni tó bá ra mẹ́fà ni wọ́n ń dín in fún. Àfi bí Àyìndé ṣe yọ sí wa. Aṣọ ò kúkú ní ṣòfò, ó ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ẹ́.

Màámi, ẹ̀yin nìkan ni mo lè jẹ́wọ́ èyí fún. Mi ò mọ ọmọ wẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ẹ̀yin lẹ wẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Muṣin. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo ti máa ń di ẹrù bọ́tìnnì àti òwú mi, kí n tètè dé Sábó kí àwọn aránṣọ tó dé. Ẹ ní kí n dúró wò ó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ò dé títí ẹ fi lọ. Kí ló dé tí ẹ ò fi ipá mú mi jókòó?

Bùkọ́lá ò mọ̀ o. Ó rò pé èmi ni mo wẹ òun. Èyí tó tún wá burú ni pé ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sátidé, wọ́n sì ti wẹ ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. Tí wọ́n bá bá mi níbi tí ọmọ ti ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n á gba kànìnkàn lọ́wọ́ mi ni, èmi á wá dúró ti ògiri máa wòran. Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́! Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀.

Mo ra òrí, mo ra ọṣẹ dúdú. Mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀ sórí báàfù bí ẹ ti máa ń ṣe, mo tẹ́ Àyìndé lé e. Bí omi ṣe kàn án, ó figbe ta bí oníbàárà tí wọ́n gbé ṣẹ́ńjì rẹ̀ sá lọ. Ọṣẹ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà yọ̀ tẹ̀ lé e.

Bùkọ́lá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, ṣé kò sí wàhálà o? Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnikẹ́ni má jù ú sókè o."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ jù ú? Ṣé bọ́ọ̀lù ni?"

Mo ń ṣàdúrà fún nọ́ọ̀sì yẹn nínú mi, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jù ú rárá.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohùn yín. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń di ẹrù. Ìròyìn lẹ máa ń sọ fún ọmọ tí ẹ bá ń wẹ̀. Ẹ̀ ẹ́ sọ iye tí wọ́n ń ta gààrí, ẹni tó kó wọ àdúgbò, ẹni tí onílé lé jáde. Ẹ̀ ẹ́ wá fi ọ̀rọ̀ Gàníyù àbúrò mi kádìí rẹ̀, pé kò tíì mú ìyàwó wálé, kí ọmọ náà bá yín bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá! Ọmọ á sì dákẹ́, á lajú sílẹ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Àyìndé pé rélùwéè ti ń dúró ní Yábàá, pé mo wọ̀ ọ́ dé Agége tí òógùn kan ò jáde lára mi. Mo ní bàbá rẹ̀ ti gbé sólà sórí òrùlé, a ò bá epo jẹnẹrétọ̀ ṣe wàhálà mọ́. Ó ń ké, ṣùgbọ́n igbe náà ti ń wálẹ̀. Ni mo bá sọ ti Gàníyù.

Màámi, Gàníyù ti gbéyàwó! Lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta! Aránṣọ kan láti Ìjọrà ni, ó wá ra sípù lọ́wọ́ mi, ó sì fi bí ìdajì wákàtí ná sípù ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ní ẹni tó bá mọ nǹkan ná báyìí ló lè tún ayé Gàníyù ṣe. Èmi gan-an ni alárinà. Ṣé ẹ ti gbọ́ lọ́hùn-ún? Bí mo ṣe sọ ọ́ jáde, ẹ̀rín pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo máa wolẹ̀, ọṣẹ ò yọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Àyìndé ti dákẹ́, ó ń wo ẹnu mi.

Ní Sátidé, ìyá ọkọ sọ̀ ní Jíbówú pẹ̀lú àpò iṣu. Wọn ò tíì mumi tán tí wọ́n fi wá dúró lé mi lórí níbi tí mo ti ń wẹ ọmọ, tí mo ń tún ọ̀rọ̀ Gàníyù àti sípù sọ fún un.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará Èkó, òfófó lẹ fi ń wẹ ọmọ ni? Oríkì làwa máa ń kì."

Mo ní, "Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyí, mà."

Wọ́n wo ọwọ́ mi títí, wọ́n wá fa àpótí kan, wọ́n jókòó. "Sípù yẹn," ni wọ́n wí, "eélòó ló wá rà á?"

Àná ni mo wá ní kí Bùkọ́lá jókòó wẹ ọmọ. Ó ní, "Mọ́mì, ó di ọ̀la." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí abẹ́rẹ́. Mo ní kò sí ọ̀la kankan. Mo jẹ́wọ́ fún un pé ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe èmi, mo sì fi kànìnkàn lé e lọ́wọ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Àyìndé figbe ta. Bùkọ́lá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ṣe sùn lọ lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo èèyàn sì ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, òyìnbó ni, kò yé mi.

Ó yé Àyìndé. Ó dákẹ́ ṣinṣin.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ wẹ̀ tó sì mọ́.