Wọ́n ní kí n wá dúró lórí sàárè ọmọ mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí ládùúgbò. Mo fẹ́ lọ síbi sàárè ọmọ tí mo bí. Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà ní Ẹ̀pẹ́ níbí nìyẹn…

Ràṣídì lorúkọ ẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà ní Ìkòròdú lọ́dún tí àwọn sọ́jà fagi lé ìbò. Ó bá ẹgbẹ́ ẹ̀ jáde sí títì, sọ́jà yìnbọn, ọta bà á ní igbá àyà, ó sì kú. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló sáré sin ín sẹ́bàá ọ̀sà ní Ipakodo. A ò lè ṣe fídáù. Ta ló jẹ́ sunkún sókè nígbà yẹn? Ìdí ààrò ẹja ni mo ti ń sunkún l'Ọ́jà Olúwo, bí wọ́n bá bi mí, màá ní èéfín ni.

Sọ́jà ti lọ báyìí, alágbádá ló ń ṣèjọba, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá fẹ́ fi símẹ́ńtì mọ ibẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Àṣé olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó ní, "Òkú wo ni ìyá ẹ̀ ò wá bèèrè látọjọ́ yìí? Ajá lẹ sin síbẹ̀!" Ajá… Ràṣídì mi! Ó lóun ò gba aṣojú, àfi kí èmi fúnra mi wá dúró lórí ilẹ̀ náà lójú àwọn àgbà ní ìparí oṣù yìí, kí n ní ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, katakata á wọ ibẹ̀, á hú gbogbo ilẹ̀ náà.

Àbúrò ẹ̀ obìnrin nìkan ló kù fún mi, ó sì wà nínú oyún. Ó dì mí lẹ́sẹ̀ mú: "Màmá, tẹ́ ẹ bá fojú kàn án, ta ló kàn? Ṣé èmi ni àbí èyí tó wà nínú mi?" Mo ní mi ò ní lọ mọ́. Irọ́ ni. Mo ti ránṣẹ́ pé mò ń bọ̀.

Ohun tí mo rò ni pé kí n ti fi ìborùn di ojú mi pinpin látinú ọkọ̀, kí wọ́n fà mí lọ́wọ́ débẹ̀, kí n sọ tẹnu mi, kí wọ́n tún fà mí kúrò. Ẹ gbà mí… tẹ́sẹ̀ mi bá tẹ ilẹ̀ náà, tójú mi ò rí i, ṣé mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn? Ṣé á ran ọmọ mi obìnrin? Àbí kí n jókòó sílé, kí katakata kó Ràṣídì pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ọmọ rí, kí lẹ ṣe?